Píkọ́ọ̀pù, Òòfà Ìró àti Àkọ̀: Ìperí fún Àtúnṣe Àgbà Gìtá

Ohun tí ó ń mú kí ìperí kan wúlò kì í ṣe dídùn rẹ̀ létí, kì í sì í ṣe bí ó ti bá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mu tó. Ìperí wúlò nígbà tí ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá lè fi í pinnu ohun tí yóò ṣe. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wo iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá ti ṣe, a ó rí i pé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ti jèrè púpọ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti ìpele kejì tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, fún olùkọ́ gírámà àti olùkọ́ lítíréṣọ̀ ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò títí di òní. Ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ ọwọ́ kò tíì jèrè tó bẹ́ẹ̀. Nínú àìrí ọ̀rọ̀ lò níbẹ̀, ohun iyebíye ń ṣòfò.

Àpẹẹrẹ kan tó láti fi èyí hàn. Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé gìtá oníná tí bàbá rẹ̀ fi ṣeré ní nǹkan bí ọdún 1965 tọ alátùn-únṣe lọ ní àdúgbò Oníyanrìn nílùú Ìbàdàn. Yóò ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó, kò dún mọ́.” Alátùn-únṣe yóò tú u, yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò sì dáhùn pé, “Àbúrò, píkọ́ọ̀pù rẹ̀ ló kú. Ká pààrọ̀ rẹ̀ ni.” Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó wà nínú ìdáhùn náà tí ó yẹ kí onímọ̀ ìperí gbé yẹ̀ wò: píkọ́ọ̀pù, kú, àti pààrọ̀. Kò sí èyí tí ó jẹ́ irọ́ pátápátá nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀, ohun tí ó mú gìtá náà yàtọ̀ sí ẹgbẹ̀rún mìíràn lè di ohun tí a gbá sínú ààtàn.

Gìtá oníná láàárín Yorùbá

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan béèrè pé kí ni gìtá ń wá nínú ìwé ìròyìn tí ó wà fún ìperí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ìdáhùn kò jìnnà. Gìtá oníná jẹ́ ẹ̀rọ tí a fi ń kọrin, ó sì ti pẹ́ tí ó ti di ti Yorùbá. Ìtàn orin jùjú fi hàn pé ní 1949 ni Àyìndé Bákàrè bẹ̀rẹ̀ sí í lo gìtá tí a so mọ́ ẹ̀rọ amóhùngbòòrò. Christopher Waterman, ẹni tí ó ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Ìbàdàn tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ lórí jùjú jáde ní 1990, ṣàlàyé pé ìyípadà yìí ni ó jẹ́ kí ìlù lè pọ̀ sí i nínú ẹgbẹ́ jùjú láìbo gìtá mọ́lẹ̀. Ní èdè mìíràn, iná mọ̀nàmọ́ná ni ó fún gángan láyè láti jókòó ti gìtá. Ní 1963 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá I. K. Dáíró lọ́lá, ní 1964 ni Ebenezer Obey dá ẹgbẹ́ International Brothers sílẹ̀, ní 1982 ni àwo Juju Music ti Sunny Adé gbé ìró gìtá wọ̀nyí dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá rárá. Àwọn gìtá ìgbà náà wà nílé ọ̀pọ̀ ènìyàn síbẹ̀, lábẹ́ ibùsùn, lórí àjà, nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún wọn ṣe nílò ọ̀rọ̀.

Orúkọ tí a óò pe píkọ́ọ̀pù

Ọ̀rọ̀ náà “píkọ́ọ̀pù” ní ìṣòro méjì. Èkínní, nígboro Ìbàdàn, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ni àwọn ènìyàn mọ̀ sí bẹ́ẹ̀. Èkejì, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà fúnra rẹ̀ kò ṣàlàyé ohun tí nǹkan náà ń ṣe. Inú iṣẹ́ giramafóònù ni àwọn onígìtá ti yá a. Atúmọ̀ èdè tí ó bá fi ọwọ́ kan ọ̀rọ̀ náà nìkan, láìwo ẹ̀rọ, yóò máa wá nǹkan tí ó jọ “gbé” tàbí “ṣà”, yóò sì bí “agbénǹkan” tàbí “aṣàró”, èyí tí kò ní ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ó yẹ kí a wo ẹ̀rọ náà gan-an. Ohun méjì ni ó ṣe kókó nínú rẹ̀: òòfà, àti wáyà bàbà tí a wé yí i ká. Wáyà náà tẹ́ẹ́rẹ́ tó irun orí. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù fẹ̀ tó mìlímítà 0.063, a sì lè wé e ní ìgbà ẹgbẹ̀rún márùn-ún sí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Òòfà tí ó wà nísàlẹ̀ a máa sọ okùn irin tí ó wà lókè rẹ̀ di òòfà díẹ̀. Nígbà tí olórin bá ta okùn náà, tí okùn sì ń gbọ̀n, agbára òòfà tí ó gba inú wáyà kọjá a máa yí padà. Nígbà tí ó bá ń yí padà, iná kékeré a máa ṣàn nínú wáyà. Òfin tí Michael Faraday ṣàwárí ní 1831 ni èyí. Okùn tí ó nípọn jù lọ lórí gìtá a máa gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 82 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, iná náà a sì máa lọ síwá sẹ́yìn ní iye ìgbà kan náà. Ẹ̀rọ amóhùngbòòrò ni yóò sọ iná yẹn di ńlá, tí sípíkà yóò sì sọ ọ́ di ìró padà. George Beauchamp àti Adolph Rickenbacker ni wọ́n kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ tà ní Amẹ́ríkà ní 1932.

Nítorí náà, píkọ́ọ̀pù kì í gbọ́ ohùn. Gbígbọ̀n irin ni ó ń mọ̀. Bí a bá fi okùn ọ̀rá rọ́pò okùn irin lórí gìtá oníná, píkọ́ọ̀pù kò ní mọ̀ pé ẹnì kan ń ta á. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a pè é ní “agbóhùn” tàbí orúkọ tí ó jọ ọ́. Yorùbá ti ní agbohùnsílẹ̀ àti gbohùngbohùn fún àwọn ẹ̀rọ tí ó ń bá ohùn inú afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀. Ìperí tí ó bá da gìtá mọ́ wọn yóò ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, yóò sì mú kí alátùn-únṣe máa wá àbùkù níbi tí kò sí.

Orúkọ tí ó yẹ ni òòfà ìró. Ó kúrú, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ méjèèjì kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni, ó sì sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́ àti ohun tí ó wà fún. Òtítọ́ ni pé sípíkà náà ní òòfà àti wáyà nínú, ṣùgbọ́n sípíkà ti ní orúkọ tirẹ̀ tí kò sí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti wáyà wíwé, “kọ́ìlì” ni kí ó máa jẹ́. Àwọn tí ń tún mọ́tò ẹ̀rọ ìlọta àti ti fáànù wé ti ń lò ó láti ìgbà pípẹ́, wọ́n sì ti sọ ọ́ di Yorùbá. Kò yẹ kí yunifásítì gba ọ̀rọ̀ tí ó ti ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ lẹ́nu oníṣẹ́, kí ó sì fi èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní sọ rọ́pò rẹ̀.

Orúkọ àdúgbò Oníyanrìn fúnra rẹ̀ fi ọ̀nà tí ó rọrùn láti tẹ̀ síwájú hàn. Oní- àti yanrìn ni ó di Oníyanrìn. Ọ̀nà yẹn náà ni iná fi di oníná, tí òòfà fi di olóòfà. Tí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, òòfà ìró tí ó ní kọ́ìlì ẹyọ kan ni òòfà ìró oníkọ́ìlì kan, èyí tí ó ní méjì sì ni oníkọ́ìlì méjì. Ẹ̀dá ọ̀rọ̀ yìí kò mú ènìyàn ronú lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀ràn kíkùn

Níbí ni kíkà nìkan kò ti tó. Kọ́ìlì ẹyọ kan a máa mú gbígbọ̀n okùn, ṣùgbọ́n a tún máa mú ariwo iná ilé. Ní Nàìjíríà, iná mọ̀nàmọ́ná ń lọ síwá sẹ́yìn ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yálà láti ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ni tàbí láti inú jẹnẹrétọ̀. Ìdí nìyí tí irú gìtá bẹ́ẹ̀ fi máa ń kùn bí oyin nígbà tí olórin bá dákẹ́. Seth Lover, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún Gibson, wá ojútùú sí i ní 1955: ó lo kọ́ìlì méjì, ó jẹ́ kí òòfà wọn dojú kọ ara wọn ní òdìkejì, ó sì so wáyà wọn pọ̀ ní òdìkejì pẹ̀lú. Ìró okùn jáde láti inú méjèèjì ní ìṣọ̀kan, ṣùgbọ́n ariwo iná pa ara rẹ̀ rẹ́. Gìtá Gibson bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde ní 1957.

Onímọ̀ ìperí gbọ́dọ̀ yan èyí tí ó fẹ́: ìrísí tàbí iṣẹ́. “Oníkọ́ìlì méjì” sọ ìrísí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá so wáyà kọ́ìlì méjì bí kò ti yẹ, òòfà ìró náà yóò ṣì máa kùn, orúkọ náà kò sì ní fi àṣìṣe hàn. “Òòfà ìró apakíkùn” sọ iṣẹ́. Bí apakíkùn bá ń kùn, gbogbo ènìyàn mọ̀ pé nǹkan wọ́. Àbá tí ó dára jù ni pé kí a lo méjèèjì: apakíkùn fún iṣẹ́, oníkọ́ìlì méjì fún ìrísí. Ẹni tí ó ń ra èyí tí yóò fi rọ́pò nílò láti béèrè méjèèjì, nítorí pé ihò tí a gbẹ́ sí ara gìtá fún oníkọ́ìlì kan kò gba oníkọ́ìlì méjì tí ó fẹ̀. Ọ̀pọ̀ gìtá àtijọ́ ni ẹnì kan ti fi ṣísẹ́lì gbẹ́ ihò rẹ̀ tóbi nítorí pé kò béèrè ju “píkọ́ọ̀pù” lọ.

“Kú” àti “pààrọ̀”

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọsán já, ọrun dọ̀pá. Bí wáyà kan tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ tó irun bá já nínú kọ́ìlì, gìtá oníná di pákó. Ṣùgbọ́n ọrun tí ọsán rẹ̀ já kò tíì kú. Ọsán ni a óò so. Ọ̀rọ̀ náà “kú” ti ìdí títì ilẹ̀kùn ni, ó sì ń pa àwọn àìsàn mẹ́rin pọ̀ tí ìtọ́jú wọn kò jọra.

Àkọ́kọ́ ni wáyà jíjá. Òógùn ọwọ́ àti ọ̀rinrin a máa jẹ bàbà, pàápàá níbi tí kọ́ìlì ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Mítà yóò fi í hàn: kọ́ìlì tí ara rẹ̀ le a máa ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ààbọ̀ sí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ óòmù, èyí tí ó já kò ní jẹ́ kí mítà mira rárá. Ìkejì ni jíjó tí ó ṣí: kì í ṣe kọ́ìlì ni ó já bí kò ṣe ibi tí a fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ wáyà tí ó ń lọ sí bọ́tìnnì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó láti tún un jó. Ìkẹta ni òòfà tí ó rẹ̀: ìró jáde, ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín. A lè fi òòfà tí ó lágbára jù dá agbára rẹ̀ padà. Ìkẹrin ni kọ́ìlì tí ó tú: wáyà inú rẹ̀ ń mira, gìtá sì ń hó bí olórin bá sún mọ́ sípíkà. Rírì í sínú ìda ni oògùn rẹ̀, ìda kan náà tí àwọn asúde Yorùbá ti mọ̀ láti ayébáyé.

Nínú mẹ́rin yìí, kò sí ọ̀kan tí pípààrọ̀ jẹ́ dandan fún. Bí wáyà bá tilẹ̀ já láàárín gbùngbùn kọ́ìlì, títún-wé ṣeé ṣe: òòfà náà kan náà, férémù rẹ̀ kan náà, wáyà tuntun. Ẹni tí ó ń tún mọ́tò fáànù wé ní Ìbàdàn mọ ìlànà rẹ̀. Ohun tí ó kù ni kí ó rí wáyà tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ tó, kí ó sì ka iye ìgbà tí ti àkọ́kọ́ yí ká, apá ibi tí ó yí sí pẹ̀lú. Títún-jó, títún-wé, fífi-òòfà-kún, rírì-sínú-ìda, pípààrọ̀: márùn-ún ni ìṣe tí ó yẹ kí ó wà lórí tábìlì alátùn-únṣe, pípààrọ̀ sì ni ìkẹyìn wọn. Nígbà tí ẹnu bá mọ ọ̀kan ṣoṣo, ọwọ́ kò lè mọ márùn-ún.

Bí a bá tilẹ̀ ní láti pààrọ̀, ìperí kan ṣì kù: ojúlówó. Òòfà ìró ojúlówó, èyí tí ó bá gìtá wá láti ilé iṣẹ́, kì í ṣe ìdọ̀tí nítorí pé a yọ ọ́. Ó yẹ kí a wé e sínú ìwé, kí a kọ ọjọ́ tí a yọ ọ́ sí i, kí a sì fi í pamọ́ pẹ̀lú gìtá náà.

Àlòkù, ògbó àti àgbà

Irú gìtá wo ni èyí? Lẹ́nu ọjà, ọ̀rọ̀ méjì ni ó wà: àlòkù àti tòkunbọ̀. Àlòkù ni ohun tí ẹnì kan ti lò. Tòkunbọ̀ ni àlòkù tí ó ti òkè òkun dé. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ń já iye owó wálẹ̀. Ẹni tí ó bá pe gìtá ọdún 1962 ní àlòkù ti tà á ní ẹ̀dínwó kí oníbàárà tó ṣí ẹnu. “Ògbólógbòó” kò sàn jù, nítorí pé ọjọ́ orí nìkan ni ó sọ.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó pa ọjọ́ orí pọ̀ mọ́ iyì, òun ni àgbà. A ń sọ pé àgbà olórin, àgbà òṣèré, àgbà agbẹjọ́rò. Kò sí ẹni tí ó rò pé arúgbó tí kò wúlò mọ́ ni a ń bú. Àgbà gìtá, nígbà náà, ni gìtá tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti di apá kan iyì rẹ̀, tí ojúlówó ẹ̀yà rẹ̀ sì jẹ́ apá kan iye owó rẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ “àgbà” yóò ronú kí ó tó gbé ṣísẹ́lì. Gbogbo gìtá tí ó pẹ́ kọ́ ni àgbà, gẹ́gẹ́ bí kì í ti í ṣe gbogbo ẹni tí ó hu ewú.

Àpò, àpótí àti àkọ̀

“Kéèsì” ni ọ̀rọ̀ tí ó kẹ́yìn. Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ kan pe ohun púpọ̀. Yorùbá ní mẹ́ta tí ó yàtọ̀ síra. Àpò ni ti aṣọ tàbí awọ rírọ̀, èyí tí a gbé kọ́ èjìká: ó dára fún ìrìn kúkúrú, ṣùgbọ́n kò ní gba gìtá là bí ẹrù bá wó lù ú nínú ọkọ̀ dáńfó. Àpótí ni oníigun mẹ́rin tí ó le, tí ó gba gìtá oríṣiríṣi. Àkọ̀ ni èyí tí a gbẹ́ inú rẹ̀ bá ara ohun kan ṣoṣo mu, bí àkọ̀ ti bá idà mu. Ohun tí ẹni tí ó ní àgbà gìtá ń wá ni àkọ̀, àmọ́ “kéèsì” ni ó ń béèrè, ohunkóhun tí ó bá sì wà nílẹ̀ ni wọ́n ń tà fún un.

Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ara Stratocaster ti Fender, tí ó jáde ní 1954, fẹ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 32. Ara ES-335 ti Gibson, tí ó jáde ní 1958, fẹ̀ ní nǹkan bí 41. Orí Fender tẹ́jú bí ọrùn rẹ̀. Orí Gibson tẹ̀ sẹ́yìn. Bí a bá tẹ́ gìtá tí orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn sínú àpótí pẹlẹbẹ, orí náà ni yóò ru gbogbo ìwúwo, ibi tí orí ti pàdé ọrùn ni yóò sì dá bí àpótí bá ṣubú. Yorùbá ní idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Níbí, àkọ̀ tí kò yẹ ni ó ń ba idà jẹ́.

Ojú ọjọ́ tún wà níbẹ̀. Igi gìtá fẹ́ràn afẹ́fẹ́ tí ọ̀rinrin inú rẹ̀ wà láàárín ìdá 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà òjò ní Ìbàdàn, ọ̀rinrin ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, igi a sì wú. Nígbà ọyẹ́, ó lọ sílẹ̀ gan-an, igi a sì sún kì. Àkọ̀ tí ó dé dáadáa kò lè dá ọyẹ́ dúró, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí ìyípadà náà wọlé díẹ̀díẹ̀. Bí a kò bá rí àkọ̀ rà, gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò lè fi pílíwúùdù àti fóòmù kàn án, bí ó bá ti wọn gìtá náà ní gígùn, ní fífẹ̀ níbi mẹ́ta, ní nínípọn, tí ó sì fi ihò sílẹ̀ fún orí. Kí àrán tàbí aṣọ òwú sì wà láàárín gìtá àti fóòmù, nítorí pé rọ́bà àti ike kan a máa jẹ ọ̀dà gìtá àtijọ́. Lábẹ́ ọrùn gìtá, àkọ̀ rere a máa ní yàrá kékeré tí ó ní ìdérí. Ibẹ̀ ni òòfà ìró ojúlówó tí a yọ yóò máa gbé.

Àtakò àti ìdáhùn

Àwọn kan yóò ní Gẹ̀ẹ́sì tó fún ọ̀ràn yìí, nítorí pé orí ìwé ìtọ́ni gìtá kò sí Yorùbá. Ìrírí Ifẹ̀ ti dá wọn lóhùn. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, títí kan sáyẹ́ǹsì, àwọn ọmọ náà kò sì gbẹ́yìn. Ohun tí ọmọ lè ṣe, alátùn-únṣe àgbàlagbà lè ṣe é.

Àwọn mìíràn yóò ní kí gbogbo ọ̀rọ̀ jẹ́ ti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kí kọ́ìlì, wáyà àti mítà kúrò nílẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ń fi ẹ̀wà ìwé atúmọ̀ ṣíwájú ìwúlò. Òfin tí ó rọrùn ni pé ohun tí oníṣẹ́ bá ti sọ ní Yorùbá, kí ó dúró. Ibi tí ọ̀rọ̀ òyìnbó bá ti ń da ohun méjì pọ̀, tàbí tí ó ń pa ìmọ̀ mọ́, níbẹ̀ ni kí a ti ṣẹ̀dá.

Olùkọ́ físíìsì tí ó fẹ́ kọ́ni nípa òòfà àti iná lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òòfà ìró kan tí a yá lọ́wọ́ onígìtá àdúgbò, okùn irin kan, okùn ọ̀rá kan, àti mítà. Atúmọ̀ èdè tí ó bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ìperí tuntun rẹ̀ dára, kí ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Oníyanrìn tàbí ibi tí ó jọ ọ́, kí ó wò bóyá oníṣẹ́ yóò fi ọ̀rọ̀ náà béèrè ohun tí kò tíì béèrè tẹ́lẹ̀. Bí ó bá béèrè pé, “Ṣé kí n tún un wé ni àbí kí n pààrọ̀ rẹ̀?”, ìperí náà ti ṣiṣẹ́.